“Mama” Tí Wọ́n Ń Pè Yín Níbi Iṣẹ́, Kì í Ṣe Ọ̀wọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan, ẹni ọdún 57, jókòó síwájú èmi lọ́yà nílùú Houston níbí, ó ní ọ̀tá ilé ló lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Wòlíì ti gbé ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ sí ímeèlì: “Ìgbà wo lẹ máa fẹ̀yìn tì?” Ọmọ òyìnbó tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá lé e lórí. Ọ̀tá wo ní Ìjẹ̀bú ló mọ ímeèlì ọ̀gá yín?

Ìyà obìnrin dúdú tó jẹ́ ọ̀dọ́ máa ń fojú hàn. Wọ́n á ní irun dídì rẹ̀ kò bójú mu (òfin Texas ti ka ìyẹn léèwọ̀ láti oṣù kẹsàn-án 2023), wọ́n á rò pé dókítà wà lẹ́yìn rẹ̀, òun sì ni dókítà. Ti àgbà kì í pariwo. Wọn ò ní pè é sípàdé mọ́, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ò yá lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa pè é ní “Mama”. Àwa Yorùbá á sì máa dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín!

Òfin Amẹ́ríkà ti 1964 wà fún àwọ̀ àti jíjẹ́ obìnrin, ti 1967 wà fún ẹni tó ti pé 40. Ní Houston yìí náà ni obìnrin dúdú kan ti pẹjọ́, tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fi sọ ní 1980 pé wọ́n lè fìyà jẹ obìnrin dúdú láìfìyà jẹ ọkùnrin dúdú tàbí obìnrin funfun. Nítorí náà, lórí fọ́ọ̀mù EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìyànjẹ lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo èyí tó kàn yín ni kí ẹ fàlà sí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́! Ọjọ́ 180 lẹ ní láti fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Texas, 300 ni ti EEOC, ọjọ́ tí wọ́n sì sọ fún yín pé wọ́n dá yín dúró ni wọ́n ń kà á láti, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kó ẹrù. Èmi náà ń gbààwẹ̀. Mo máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ná. Bí wọ́n bá fowó lọ ẹni tó ti pé 40 kó buwọ́ lùwé pé òun ò ní pẹjọ́ ọjọ́ orí, ó kéré tán ọjọ́ 21 ni òfin fún un láti rò ó, àti 7 láti yí ọkàn padà. Ẹ̀yin a buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀ torí búrọ̀dá kan lórí WhatsApp ní kò séwu. Ọdún 19 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Táàsì ni búrọ̀dá yẹn ń wà.

Ìyá kan wá lọ́dún tó kọjá. “Grandma” ni wọ́n ń pè é nínú ímeèlì mẹ́fà, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ̀rí dùn! Mo gba láísẹ́ǹsì rẹ̀: ọmọ ọdún 38. Mo wojú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é nígbà tí mo fẹ́ wọ polí, lọ́yà. Ó yọ ọdún 14.”

Ìbúra ni fọ́ọ̀mù yẹn. Bí a bá kọ 52, ìwé ìgbélùú rẹ̀ dàrú. Bí a bá kọ 38, kò tíì tó ẹni tí òfin ọjọ́ orí ń gbèjà, èmi ò sì ní fọwọ́ sí irọ́. Ó ká ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó dá wọn padà sínú báàgì.