Bí rọ́bọ́ọ̀tì ṣe kọ́ àtimáa tẹ̀ lé èèyàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ táyà kan tí mo tò fúnra mi, kámẹ́rà kékeré wà níwájú ẹ̀, mo ní kó máa tẹ̀ lé ṣẹ́ẹ̀tì pupa tí mo wọ̀. Ó tẹ̀ lé mi dáadáa, a jọ yí yàrá po lẹ́ẹ̀mejì, àfi bá a ṣe kan bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan nílẹ̀, bó ṣe yà síbẹ̀ nìyẹn o, ó dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tó rí ìyá ẹ̀. Ìgbà tí mo wá tú ìtàn iṣẹ́ yìí wò ni mo rí i pé èmi kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹ̀rọ rìn ò le tó bẹ́ẹ̀ jàre, kó mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé ni wàhálà.

Iná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1912 ní Amẹ́ríkà, John Hammond àti Benjamin Miessner ṣe ajá ẹ̀rọ kan tó fi selenium, èròjà tó ń mọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ṣe ojú méjì, ojú tí iná bá ti tàn sí jù ló máa yà sí, tẹ́ ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ń fẹ̀yìn rìn, á máa bọ̀. Ní 1948 sí 1949, Grey Walter ní Bristol náà ṣe ìjàpá ẹ̀rọ méjì, Elmer àti Elsie, àwọn yẹn ń wá iná kiri, iná bá tún mọ́lẹ̀ jù wọ́n á yẹ̀ fún un. Èèyàn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá, ẹni tó bá ti gbé tọ́ọ̀ṣì lọ̀gá.

Kámẹ́rà wá dé, kọ̀ǹpútà ò dẹ̀ yára. Ní 1979 ní Stanford, ọkọ̀ ẹ̀rọ Hans Moravec gba inú yàrá tí àga kún kọjá, bíi wákàtí márùn-ún ló gbà á! Tó bá rìn bíi mítà kan, á dúró ronú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé á ti sùn, á ti jí.

1998 ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Gary Bradski ní Intel gbé CAMShift jáde, ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀ lé àwọ̀ nínú fọ́tò, ojú èèyàn níwájú kọ̀ǹpútà ló ṣe é fún o, kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Á kọ́kọ́ ka àwọ̀ nǹkan tẹ́ ẹ fi hàn án. Fọ́tò tuntun bá wọlé, á wo píksẹ̀lì, àwọn ẹ̀là àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ jọ ọ́, ìwọ ò jọ ọ́, àpótí kan á wá máa sún lọ síbi táwọn tó jọ ọ́ pọ̀ sí, á fẹ̀ tàbí kó súnkì. Àwọn onírọ́bọ́ọ̀tì bá kì í mọ́lẹ̀: àpótí wà lósì, yà sósì, ó kéré, ẹni yẹn ti jìnnà, sáré, ó tóbi jù, dúró. Intel tún bẹ̀rẹ̀ OpenCV, àkójọ kóòdù fún iṣẹ́ kámẹ́rà, ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, CAMShift wà níbẹ̀, àwọ̀ nìkan ló sì ń wò, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ti wá.

Ní 2001 Paul Viola àti Michael Jones ṣe èyí tó ń rí ojú èèyàn kíákíá, fọ́tò 15 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ó dáa, àmọ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé yín, ṣebí ẹ̀yìn yín ló ń wò? Ìyẹn ni iṣẹ́ Dalal àti Triggs ní Faransé, 2005, fi wúlò, bí ara ṣe rí látòkè délẹ̀ ló ń wò.

Kinect, kámẹ́rà kan, jáde ní 2010 fún géèmù, ó ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí. Àwọn Willow Garage, ilé iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì kan, gbé e sórí TurtleBot, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré wọn. Ẹ gbọ́ o, kóòdù tó fi ń tẹ̀ lé èèyàn ò wá èèyàn rárá, ohun tó bá ṣáà ti wà níwájú ẹ̀ ló ń sún mọ́, tẹ́ ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ògiri ló máa fẹ́.

YOLO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá nǹkan mọ̀ nínú fọ́tò, dé ní 2015, ó mọ èèyàn yàtọ̀ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. SORT, tó ń tọ ẹnì kan náà láti fọ́tò dé fọ́tò, tẹ̀ lé e ní 2016, ìṣirò Kalman ti 1960 ló fi ń fojú bù ú ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, DeepSORT wá fi ìrísí kún un ní 2017. Mo fi YOLO nìkan sórí tèmi, kò wo bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ èmi yàtọ̀ sí ẹlòmíì. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gba àárín wa kọjá, ó sì tẹ̀ lé onítọ̀hún dé ẹnu ọ̀nà.