Iná Ìdí Ààrò: Bí Ayurveda Ṣe Ń Wo Ara

Ọ̀pọ̀ ló rò pé àgbo lásán ni Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà, pé ohun tí wọ́n ń rọ sínú ike tà ni. Èrò yìí ń bí ni nínú, nítorí kì í ṣe egbòogi ni oníṣègùn Ayurveda kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Ohun tó kọ́kọ́ ń wádìí ni bí iná ṣe ń jó nínú ikùn ẹni tó wá bá a. Agni ni wọ́n ń pe iná náà ní èdè Sanskrit.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní ó gbé ara ró: vata tó ń mú nǹkan rìn, pitta tó ń sè é, kapha tó ń dì í mú. Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìwọ̀n tí wọ́n bí mọ́ oníkálukú yàtọ̀, bí ọ̀kan bá sì ti kúrò ní ìwọ̀n rẹ̀, ìkòkò á fì, iná á sì yí padà.

Bí vata bá pọ̀ jù, iná náà á dà bí èyí tí ọyẹ́ ń fẹ́, tó ń kú, tó ń jí: lánàá ebi ń pa aláìsàn náà kíkankíkan, lónìí ó kàn ń wo oúnjẹ, inú rẹ̀ wú. Bí ó bá jẹ́ pitta, iná ń jó lálá, ebi kì í dá a sí, àyà ń jó o. Ti kapha ló le jù: igi tútù ló wà nídìí ààrò, èéfín nìkan ló ń rú, ìrẹsì àárọ̀ ṣì wúwo nínú rẹ̀ lálẹ́.

Níbẹ̀ ni ama ti ń wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí kò jinná. Oúnjẹ tí ikùn kò sè jinná, wọ́n ní ó ń lẹ̀ mọ́ ara, ó ń dí ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn yọ ahọ́n síta, kí wọ́n wò bóyá ohun funfun bò ó. Ó ṣeé ṣe kó má gba oògùn kankan lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní kó fo oúnjẹ alẹ́, kó máa mu omi gbígbóná, kó jẹ ègé atalẹ̀ tútù pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ kó tó jẹun. Vagbhata, oníṣègùn Ayurveda àtijọ́ kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Ashtanga Hridaya, pé kí èèyàn pín ikùn sí mẹ́rin: méjì fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ohun mímu, kí ìkẹrin ṣófo fún atẹ́gùn. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ ìdí rẹ̀. Bí igi bá kún ìdí ààrò fọ́fọ́, iná kì í ráyè jó.

Ọgbọ́n ńlá ni pé wọn kì í fún èèyàn méjì ní ìtọ́jú kan náà torí pé inú ń run àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè wọn vata tàbí kapha. Èyí tó sì burú jù ni pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi mẹ́kúrì àti òjé tó jẹ́ májèlé po àwọn oògùn kan. Lọ́dún 2004, ìwádìí kan ní Boston rí òjé, mẹ́kúrì tàbí áséníìkì nínú 14 lára 70 oògùn Ayurveda tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí iná ikùn tó lè sè òjé jinná. Inú egungun ló ń lọ jókòó sí.