Ẹ jẹ́ kí èso fúnra rẹ̀ ṣe áìsì: bí a ṣe ń po wáìnì dídì nígbà ooru Èkó

Ìbéèrè kan ni àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí jù lọ tí ooru bá ti mú láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin: "Àǹtí, kí ló dé tí wáìnì eléso tí mo pò nílé fi ń di omi lásán kí àlejò tó mu ún dé ìdajì?" Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ohun tó fà á. Áìsì ni wọ́n dà sí i. Wọ́n ra áìsì búlọ́ọ̀kù, wọ́n fọ́ ọ sínú bíléńdà, wọ́n wá da wáìnì àti èso lé e lórí. Ní Sùúrùlérè níhìn-ín tí mo ti ń po ohun mímu fún ìnáwó, lábẹ́ kánópì lọ́sàn-án gangan, áìsì yẹn kì í pẹ́ yọ́. Bó bá sì ti yọ́, omi ló di, omi yẹn ò sì níbi tó máa gbà jáde nínú ife mọ́.

Èso ni kí ẹ fi rọ́pò áìsì. Ẹ jẹ́ kí èso dì gbagidi nínú fírísà, kí wáìnì tutù nini, kí ẹ wá lọ méjèèjì pọ̀ láìfi ẹ̀kán omi kan sí i. Bó bá yọ́ nígbà tó yá, omi èso ló máa yọ́ sí, adùn rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí, orí èyí ló dá lé.

Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ìgbà ooru tiwọn tí wọ́n máa ń mu irú nǹkan yìí. Òjò ló máa ń rọ̀ l'Ékòó nígbà náà. Ooru tiwa ti ṣáájú, ó sì máa ń bọ́ sí àsìkò tí máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọjà. Ire ńlá nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ pò ó.

Ọjà èso Ìkòsí ní Kétu ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti ń ra ọjà. Ẹni tó bá ń gbé Ẹ̀bútè Mẹ́ta tàbí Yábà lè dé Oyíngbò. Ibikíbi tí ẹ bá ti rà á, ẹ ra èyí tó pọ́n dénú. Òtútù máa ń dín adùn kù lórí ahọ́n, èso tó dùn níwọ̀nba lásán kò ní dùn mọ́ tó bá ti dì. Ọ̀pẹ òyìnbó, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sí imú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ewé. Bí òórùn dídùn kò bá ti ibẹ̀ jáde, ẹ dá a padà fún ìyá ọlọ́jà. Ẹ sì ṣọ́ra fún máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rẹ́gí lójú ṣùgbọ́n tó le nínú. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń fi kábáìdì mú èso pọ́n. Kò dára fún ara, èso bẹ́ẹ̀ kì í sì í dùn, kò sí wáìnì tó lè tún un ṣe.

Ẹ fọ èso kí ẹ tó gé e, títí kan èyí tí ẹ máa bó. Wọ́tàmẹ́lọ̀nì tó ti òkè ọya wá ti yí nínú ọkọ̀, ó ti yí nílẹ̀ ọjà. Bí ọ̀bẹ bá ti la èèpo rẹ̀, ìdọ̀tí èèpo yẹn ló ń gbé wọnú. Àwọn kan gbà pé fírísà á pa kòkòrò àrùn, pé bí fírísà ò bá pa á, ọtí á pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òtútù kàn ń dá kòkòrò dúró ni, ọtí inú wáìnì ò sì lágbára tó láti pa á. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń lo èso tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá lẹ́bàá títì, bó ti wù kó rọrùn tó.

Gbogbo èso kọ́ ló ń ṣe bákan náà nínú fírísà. Nínú 100 ìdá wọ́tàmẹ́lọ̀nì, nǹkan bí 92 ló jẹ́ omi. Òun nìkan á fúyẹ́ jù, á sì tètè yọ́. Ẹ fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn. Máńgòrò ni ọba wọn. Ó ní ara, bó bá dì tí ẹ lọ̀ ọ́, á ki, á sì jọ̀lọ̀ lẹ́nu bí ẹni pé ẹ fi ìpara mílíìkì sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi nǹkan kan sí i. Ẹ ṣáà yan èyí tí kò ní okùn púpọ̀ nínú. Ọ̀pẹ òyìnbó máa ń mú kíkan díẹ̀ wá, òun ló ń jẹ́ kí ohun mímu náà má sú ènìyàn. Ìbẹ́pẹ náà dára, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ dáadáa. Àgbálùmọ̀, jíjẹ ni mo fẹ́ràn rẹ̀ sí. Oje rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ètè yẹn ò bá bíléńdà mu. Ẹ má sì da mílíìkì sí èyí tó bá ní ọ̀pẹ òyìnbó. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bromelain, ó máa ń fọ́ purotéènì mílíìkì sí wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì korò.

Ní ti wáìnì, ẹ má ra olówó gegere. Òórùn tí ẹ torí rẹ̀ san owó yẹn, òtútù ló máa bò ó. Wáìnì funfun tàbí rosé, ìyẹn wáìnì aláwọ̀ pínkì, tó dùn díẹ̀ ló bá máńgòrò àti ọ̀pẹ òyìnbó mu. Wáìnì pupa tó dùn, tí àwa ará Èkó fẹ́ràn gan-an, ẹ fi lọ wọ́tàmẹ́lọ̀nì. Èyí tí mo máa ń kọ̀ fún àwọn oníbàárà mi ni wáìnì pupa tí kò dùn rárá. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní tánìnì ló kún inú rẹ̀, ó máa ń mú ẹnu gan bíi kajú tí kò pọ́n, òtútù sì ń jẹ́ kó hàn sí i ni. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò, ẹ má sì ra èyí tó ti ń yáàrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àná. Ooru ti bà á jẹ́ nínú ìgò níbẹ̀. Wáìnì tó ń hó kì í wọ bíléńdà, torí pé yóò ṣí ìdérí dànù mọ́ yín lójú. Inú ife ni ẹ ti máa dà á lé èyí tí ẹ ti lọ̀.

Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa dídì ni pé omi máa ń dì ní 0°C, ṣùgbọ́n wáìnì tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 12% kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dì títí yóò fi tutù dé nǹkan bíi −5°C. Fírísà ilé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà ní −18°C. Wáìnì á dì níbẹ̀, àmọ́ kò ní le. Ẹ lè fi ṣíbí họ ọ́. Vodka àti jíìnì tó jẹ́ 40% kò ní dì níbẹ̀ láéláé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bu vodka lé e kí ó lè "wọra" ń sọ ohun mímu dídì di olómi ni, yàtọ̀ sí wàhálà tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, ẹ má gbé odidi ìgò wáìnì sínú fírísà. Omi tó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí 9%, ìgò kì í sì í wú. Ike ni kí ẹ dà á sí, ẹ má sì kún un dé ẹnu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pò ó. Fún ènìyàn mẹ́rin, mo máa ń lo èso gígé tó wọn gíráàmù 600, ìdá méjì rẹ̀ máńgòrò, ìdá kan ọ̀pẹ òyìnbó. Lẹ́yìn náà, ìdajì ìgò wáìnì, ìyẹn mìlílítà 375, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti omi ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì. Omi ṣúgà yẹn ṣe pàtàkì, torí pé ṣúgà gbígbẹ kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù. Á kàn máa rún lẹ́nu ni. Ife ṣúgà kan àti ife omi kan ni kí ẹ gbé kaná títí yóò fi yọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gé èso sí wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí tírè, kí ẹ to èso lé e kí ọ̀kan má fara kan èkejì, kí ẹ gbé e sí fírísà mọ́jú. Bí ẹ bá kàn rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, òkìtì kan ṣoṣo ló máa dì sí, abẹ bíléńdà ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Wáìnì àti omi ọsàn ló ń kọ́kọ́ wọ bíléńdà, kí èso tó tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kún un kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Etí ni mo fi ń mọ ìgbà tó bá tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa pariwo gbàgà-gbàgà, èso á máa ta mọ́ ara ìdérí. Tó bá yá, ariwo yẹn á rẹlẹ̀, á di ohùn kan ṣoṣo, ihò kékeré kan á ṣí láàárín, á sì máa fa ti òkè lọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti pa á. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ìgbóná abẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá ń kérora tí nǹkan ò yí, ẹ fi wáìnì díẹ̀ kún un, kì í ṣe omi. Bí iná bá sì wá ní half current, ẹ má tan ẹ̀rọ rárá. Mọ́tò rẹ̀ á jó.

Tẹ́ ẹ bá rí irú ohun mímu dídì yìí nílé oúnjẹ ńlá tó ń yí lọ́sàn-án lóru tí kò sì gan, ẹ̀rọ ló ń rò ó. Ọmọ Dallas kan ní Amẹ́ríkà, Mariano Martinez, ló ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ yẹn fún màgàrítà, ohun mímu ọlọ́tí kan, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1971. Ẹ̀rọ áìsìkirimù ló tún ṣe, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi bíléńdà pò ó kò lè jẹ́ kí adùn ife kan bá ti èkejì mu. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ni ẹ̀rọ náà wà báyìí. Rírò yẹn ni kì í jẹ́ kí yìnyín ráyè di ńlá. Nílé tiwa, fọ́ọ̀kì ló máa ṣe iṣẹ́ náà: bí ohun mímu yín bá ṣẹ́ kù, ẹ dà á sínú ike, ẹ dá a padà sí fírísà, kí ẹ máa fi fọ́ọ̀kì họ ọ́ ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra.

L'Ékòó, ẹbí kan náà ni Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ọmọdé wà níbẹ̀, aláboyún wà níbẹ̀. Zobo ni mo máa ń fi ṣe tiwọn dípò wáìnì. Nítorí pé kò ní ọtí, á dì le ju ti wáìnì lọ. Ẹ fi omi ṣúgà kún un, ẹ sì tètè gbé e jáde kó rọ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, kí wáìnì má tíì kan bíléńdà. Ẹni tó sọ pé òun kì í mutí, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un dé inú ẹ̀rọ.

Àwọn tó ń mu ti wáìnì náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń mu. Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n yìí, agbára rẹ̀ súnmọ́ ti bíà, ṣùgbọ́n kò dà bíi bíà lẹ́nu. Ó dùn, ó tutù, ọwọ́ á sì máa yá sí i. Ife kékeré ni mo máa ń bù ú sí, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó máa wakọ̀ kọjá afárá Third Mainland lálẹ́ pé zobo ni tirẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn Flagyl náà, kó fi wáìnì sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ NEPA. Fírísà tó kún, bí ẹ ò bá ṣí i, lè mú òtútù dúró tó ọjọ́ méjì. Nítorí náà, ẹ fi omi inú ọ̀rá dí gbogbo àyè tó bá ṣófo nínú rẹ̀. Bí èso bá ti yọ́ pátápátá tó sì ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ má tún dì í padà.

Bí kò bá sí iná rárá, áìsì búlọ́ọ̀kù wúlò, àmọ́ ìta ọ̀rá ló máa wà, kò ní wọnú ife. Ẹ fọwọ́ po máńgòrò tó pọ́n dáadáa, kí ẹ gba asẹ́, kí ẹ fi wáìnì àti omi ṣúgà sí i. Ẹ dà á sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ lé atẹ́gùn jáde, kí ẹ dì í pa, kí ẹ tún fi ọ̀rá kejì bò ó. Ẹ wá fọ́ áìsì sínú kúlà, kí ẹ da iyọ̀ sí i, ife iyọ̀ kan sí ife áìsì mẹ́ta. Iyọ̀ á mú áìsì yọ́, áìsì tó ń yọ́ á sì máa fa ooru láti ara ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀, débi pé á tutù kọjá −10°C. Ẹ ri ọ̀rá náà sáàárín rẹ̀, kí ẹ máa fi aṣọ mú un mì, torí pé òtútù yẹn lè bó ọwọ́. Láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń rún lábẹ́ ìka. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ara ọ̀rá, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó gé igun rẹ̀ sínú ife, kí omi oníyọ̀ má bàa kán sí i.