Rédíò Inú Ọkọ̀ Ojú Omi: Ibi Tí Ọgbọ́n Rìwáyà Orí Títì Parí Sí

Rédíò kò wọ́n nínú àwọn ọkọ̀ onífáíbà tó ń ná Ìkòròdú sí Ẹbúté Èrò. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ló wọ́n. Òmíràn á tan iná lójú, ohùn ò ní jáde. Ti òmíràn, sípíkà ọ̀tún ń kọrin, tòsì ti yadi. Ọlọ́kọ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, bẹ́ẹ̀ rédíò lè má ní ẹ̀bi kankan. Ẹni tó so ó ló so ó bí ìgbà tó ń so ti dáńfó, omi ò sì mọ dáńfó.

Irin ni bọ́dì mọ́tò. Rìwáyà á fa wáyà pósítíìfù kan láti ẹnu bátìrì wá sẹ́yìn rédíò, á de nẹ́gétíìfù mọ́ irin tó bá sún mọ́ ọn jù, ó parí. Irin yẹn náà ni iná ń gbà padà lọ bá bátìrì. Fáíbà kì í gbé iná, pákó náà kì í gbé e. Lórí omi, wáyà méjì ló gbọ́dọ̀ rìn láti bátìrì dé ẹ̀yìn rédíò: ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀.

Àlọ àti àbọ̀ yìí ní ìṣirò tirẹ̀. Bátìrì sábà máa ń wà nídìí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, rédíò wà níwájú awakọ̀. Bí àárín wọn bá jẹ́ mítà 5, mítà 10 ni iná máa rìn. Ká ní rédíò ń fa áńpì 8, wọ́n sì fi wáyà 1.5 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó) tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé so ó, nǹkan bíi fóltì 0.9 ló máa ṣòfò sójú ọ̀nà. Bátìrì tó ní 12.2 lẹ́nu, 11.3 ló máa dé ọ̀dọ̀ rédíò. Bí bèsì bá ti dún gbì báyìí, ojú rédíò á ṣẹ́jú, á kú, á tún tàn. Wáyà 4 máa dín òfò yẹn kù sí nǹkan bíi 0.35. Wáyà iná ilé tún ní àlébù mìíràn: okùn bàbà kan ṣoṣo tó le gbagidi ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbì ń gbá a nísàlẹ̀, okùn tó le á kán níbi tí wọ́n ti dè é. Èyí tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń rọ̀ bí òwú, ló yẹ ọkọ̀.

Iyọ̀ wá ni ọ̀tá gidi. Omi ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi kànga. Ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Apápá ni òkun náà ń gbà wọlé; lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ inú ọ̀sà á le sí i, bí òjò bá dé, àwọn odò á bomi là á. Ẹ wo wáyà tí wọ́n fi táàpù dúdú wé, tó ti lo oṣù mẹ́fà lórí omi. Oòrùn ti yọ́ gọ́ọ̀mù táàpù náà, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tú u, ibi ìso ti di aláwọ̀ ewé bíi búrẹ́dì tó bu. Wọ́n á gé e dànù, wọ́n á bó ẹnu tuntun: dúdú. Wọ́n á tún gé ìwọ̀n ìka kan: dúdú síbẹ̀. Bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà ni omi iyọ̀ ṣe ń gun inú wáyà, á gba abẹ́ rọ́bà lọ síbi tí ojú ò tó.

Wáyà tó yẹ omi ni èyí tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá bó o, okùn inú rẹ̀ á funfun bíi fàdákà dípò kó pupa. Wọ́n ti fi tánganran (tin) bo bàbà rẹ̀. Ó wọ́n ju wáyà lásán lọ, òun gan-an sì ni ibi tí kò yẹ kí ọlọ́kọ̀ ti ṣahun. Níbi ìso, wọ́n á fi pọ́láyà tẹ ẹnu irin kékeré mọ́ wáyà, wọ́n á wá ki rọ́bà bọ̀ ọ́, irú rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú, tó máa ń sún kì bí iná bá rà á. Sọ́dà, ìyẹn irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ lé ibi ìso, nìkan kò tó. Ibi tí sọ́dà bá parí sí nínú wáyà á le, ibẹ̀ náà ni yóò ti kán. Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bí ọtí kíkan kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bàbà, nítorí ásíìdì ló ń rùn yẹn. Bí wáyà bá ti ń bọ̀ wá wọ ẹ̀yìn rédíò, kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi tó bá ń tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀ ní ikùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bátìrì gba ìrònú jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń fi okùn fà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣáájì bátìrì rárá. Kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ra sípíkà Bluetooth tí omi ò lè wọ̀, kó sinmi. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi kọ́kọ́rọ́ jí sábà máa ń ṣáájì, ṣùgbọ́n bátìrì tó ń jí i lè jẹ́ òun náà ló ń bọ́ páńpù tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ká ní wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ẹbúté ní Badore lálẹ́ ọjọ́ òjò nínú oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ọkọ̀ sì ti fi rédíò gbọ́ bọ́ọ̀lù títí bátìrì fi kú. Páńpù ò ní rí iná lò. Òjò á kún ọkọ̀, ilẹ̀ á mọ́ bá a lábẹ́ omi. Rédíò ló rì í. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń lo bátìrì méjì pẹ̀lú súwíìṣì tó ń yà wọ́n: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì àti páńpù, èkejì fún fàájì.

Bátìrì fàájì tó jẹ́ áńpì-wákàtí 100, ààbọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n kà sí tiwọn, torí ẹni tó bá ń fà á kọjá ibẹ̀ léraléra ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Ààbọ̀ yẹn á gbé rédíò tó ń fa áńpì 5 fún wákàtí 10. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, á fi nǹkan bíi fóltì 12.6 hàn lórí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Bó bá ti dé 12.2, ó ti tó ààbọ̀.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu bátìrì gan-an, kó má jìnnà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn rédíò, rédíò ló ń ṣọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ́ mítà 5 wáyà tó wà láàárín. Afẹ́fẹ́ epo bẹntiróò tó ń jáde lára kẹ́ẹ̀gì sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ lúgọ sí. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lára wáyà tó bó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti tó. Fíúsì ẹ̀yìn rédíò náà ló ń tú àṣírí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rédíò. Páálí á kọ wáàtì 50 lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn 200, ṣùgbọ́n fíúsì áńpì 10 ló wà lẹ́yìn rédíò. Áńpì 10 lórí fóltì 14.4, wáàtì 144 ni, ooru ṣì máa jẹ nínú rẹ̀. Níbo ni 200 ti fẹ́ wá?

Àwọ̀ wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri: dúdú jẹ́ nẹ́gétíìfù, yẹ́lò wá láti bátìrì tààrà, pupa láti ibi kọ́kọ́rọ́. Funfun àti àwọ̀ eérú jẹ́ ti sípíkà iwájú, àwọ̀ ewé àti àlùkò jẹ́ ti ẹ̀yìn. Èyí tó ní ìlà dúdú lára ni nẹ́gétíìfù sípíkà. Bó bá fara kan nẹ́gétíìfù bátìrì, rédíò lè jó. Bí wọ́n bá gbé ti sípíkà kan sódì, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́, èkejì á máa fà á, bèsì á sọnù. Òkúta tọ́ọ̀ṣì kan tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: orí rẹ̀ sí pósítíìfù sípíkà, ìdí rẹ̀ sí èkejì, ojú sípíkà gbọ́dọ̀ yọ síta.

Sípíkà mọ́tò olójú páálí á mu omi, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Olójú ike tó ní rọ́bà létí ló ń pẹ́. Kó jìnnà sí kọ́ńpáàsì, torí òòfà ìdí rẹ̀ á ṣi abẹ́rẹ́ lọ́nà. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ fóòmù inú ìjókòó ọkọ̀ kó lè ráyè fún sípíkà: fóòmù yẹn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ léfòó bó bá kún fómi.

Bí rédíò bá ń sunkún fíì, tí ẹkún náà ń ga bí awakọ̀ ṣe ń tẹná, ó ń bá ẹ́ńjìnnì pín wáyà lò ni. Kí wọ́n fa tirẹ̀ lọ́tọ̀ dé ẹnu bátìrì.

Ó ku ẹ́ríà, ọ̀pá tó ń bá rédíò gba ohùn láti ojú afẹ́fẹ́. Ẹ́ríà mọ́tò ń fi irin bọ́dì ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, fáíbà ò sì ní irin. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, tí kò nílò bọ́dì, ló yẹ. Rédíò tòkunbọ̀ láti Japan tún ní tirẹ̀. FM tọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láti 76, ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò wọn sì parí sí 90, nígbà tí Bond FM wà ní 92.9, tí Radio Lagos wà ní 107.5. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀, kó ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì níṣojú òun, kó máa yí i lọ. Bí nọ́ńbà bá dé 90 tó fò padà sí 76, kó rọra gbé e padà sórí tábìlì.