Ààbò ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ iná nígbà òtútù líle

Ààbò ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ iná nígbà òtútù líle ni ètò tí àwọn alábòójútó ọ́fíìsì, ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rùsí máa ń ṣe kí iná má baà ṣẹ́ lásìkò òjò dídì, kí omi tí wọn yóò fi pa á sì wà ní sísàn. Ọ̀rọ̀ omi yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Òtútù tó ń mú kí ènìyàn tan ẹ̀rọ amúlégbóná kiri ilé náà ló ń sọ omi inú páìpù di yìnyín. Nígbà tí ilé ọ́fíìsì Equitable jóná ní New York ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1912, omi tí àwọn panápaná ń tú sí i dì mọ́ ara ògiri títí yìnyín fi bo ilé náà.

Páìpù sprinkler, èyí tó máa ń tú omi sórí iná láti òkè àjà, ló nílò àmójútó jù. Ojú kan ni omi inú rẹ̀ ń dúró sí, kì í sàn bí omi ẹ̀rọ tí a ń lò lójoojúmọ́, nítorí náà ó tètè ń dì. Omi tó bá dì a máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ìyẹn sì tó láti fọ́ irin. Páìpù lè bẹ́ lóru kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, torí yìnyín ṣì dí ojú ibi tó fọ́. Ìgbà tó bá yọ́ ni omi yóò ya bo ọjà. Ìlànà NFPA 25, tí àjọ tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà ṣe, sọ pé ibi tí páìpù olómi bá wà kò gbọdọ̀ tutù ju 4°C lọ. Òkè àjà àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ìkóẹrù ló yẹ kí a ti wọn ìgbóná yìí, kì í ṣe ibi tí òṣìṣẹ́ jókòó sí. Dídín ìgbóná ilé kù ní òpin ọ̀sẹ̀ nítorí àtiṣọ́ owó léwu gan-an.

Níbi tí kò ṣeé mú gbóná, páìpù tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń lò: atẹ́gùn náà ló ń ti omi sẹ́yìn fáàfù (ohun tó ń ṣí omi, tó sì ń tì í) títí iná yóò fi ṣí ojú sprinkler. Síbẹ̀ ìrì a máa kóra jọ sí ibi tó relẹ̀ nínú páìpù. Dandan ni kí a fà á dànù kí òtútù tó dé. Inú yàrá tó gbóná ni fáàfù náà gbọ́dọ̀ wà.

Bí páìpù bá dì, ẹ má ṣe fi iná yọ́ ọ; ọ̀pọ̀ ilé ti gba ibẹ̀ jóná. Bí wọ́n bá ní láti ti omi sprinkler pa, kí panápaná gbọ́. Tó bá ju wákàtí 10 lọ láàárín wákàtí 24, lára ohun tí NFPA 25 là sílẹ̀ ni kíkó ènìyàn jáde tàbí yíyan ẹni tí yóò máa rìn yí ilé ká ṣọ́ iná.

Ẹ̀rọ amúlégbóná gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 1 sí ohunkóhun tó lè jó, kì í sì í ṣe ẹsitẹ́ńṣọ̀n ni a ń kì í bọ̀. Ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, nítorí èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.

Òjò dídì tó bá ga lẹ́yìn ilẹ̀kùn àsálà kò ní jẹ́ kó ṣí síta, nítorí náà kíkó o kúrò kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀la. Bákan náà ni ẹnu omi létí òpópónà, níbi tí panápaná ti ń fa omi. Ní àwọn ìlú tí òtútù ti ń mú, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni fáàfù rẹ̀ wà, kí omi lè fà tán nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìlò. Èyí tí omi rẹ̀ kò bá fà tán yóò dì gbagidi.