Ẹlẹ́rìí Ni Ìwé Àtijọ́, Kì Í Ṣe Adájọ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn òbí àti tíṣà wa ní Àbújá: bí ọmọ bá ti rí ojúlówó ìwé àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà lẹ́tà, fótò, máàpù tàbí ìwé ìròyìn, ó ti rí òtítọ́ nìyẹn, ẹjọ́ ti parí. Wọ́n á ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ ló kọ ọ́." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ ní ibi tó dúró sí, ó sì ní ẹni tó ń kọ̀wé sí.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ orúkọ Nàìjíríà. Ohun tí ọmọ JSS 1 á sọ fún yín ni pé ìyàwó Lugard ló sọ wá lórúkọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ẹ kọ déètì mẹ́ta sójú bọ́ọ̀dù: 8 January 1897, ọjọ́ tí àròkọ Flora Shaw jáde nínú The Times ti Lọ́ńdọ̀nù, 1902, ọdún tó fẹ́ Lugard, 1 January 1914, ọjọ́ ìdàpọ̀. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn yọ iye ọdún tó wà láàárín wọn. Wọ́n á rí i pé Shaw kò tíì di ìyàwó ẹnikẹ́ni nígbà tó dábàá orúkọ náà, àti pé ìdàpọ̀ ṣì ku bí ọdún 17.

Ibi tó dùn jù wà nínú àròkọ náà gan-an. Ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ni Shaw fẹ́ fi orúkọ yẹn pè, kí aráyé lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Èkó. Èkó kò sí nínú "Nàìjíríà" tirẹ̀! Lókòjà tí a ń gbà kọjá bí a bá ń lọ sílé ọdún, òun wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lugbe tàbí Kubwa ní Àbújá kì í gbàgbé ìyẹn bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohun tí Shaw fẹ́ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa pe ilẹ̀ náà ló kọ. Kò bi àwọn Nupe tàbí Gbagyi léèrè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọ̀rọ̀ Àbújá fúnra rẹ̀ tún burú jù. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ tí Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun nígbà náà, bá ará ìlú sọ ní 3 February 1976, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinola Aguda lórí ọ̀rọ̀ olú-ìlú tuntun jábọ̀, ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ ṣófo ni wọ́n kọ́ ìlú yìí sí. Kí àwọn ọmọ kà á dé ìsàlẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà yẹn mẹ́nu ba àwọn olùgbé tí ìjọba yóò kó kúrò. Ilẹ̀ ṣófo wo ni wọ́n ti ń kó èèyàn kúrò?

Ní kíláàsì, fóònù tíṣà nìkan tó. Ẹ ti gba ìwé náà sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìpínrọ̀ kan, bí ọ̀rọ̀ 100, ni kí ẹ tẹ̀ jáde, ẹ̀dà kan fún ọmọ mẹ́rin. Èdè òyìnbó ọdún 1897 le. Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà sójú bọ́ọ̀dù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ìpínrọ̀ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òyìnbó ni ẹ ń ṣe, ẹ ti kúrò nídìí ìtàn. Bó bá jẹ́ fótò, ẹ fi bébà bo àlàyé abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsọ̀rọ̀. Ohun tí ojú rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. "Ọkùnrin kan dé fìlà" ni, kì í ṣe "ọba kan." Lẹ́yìn náà lẹ ó béèrè ẹni tó yà á, ìgbà tó yà á, ẹni tó yà á fún, àti ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí a kò rí.

Fótò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsí orírun, ẹ má lò ó. Ní Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó fótò ọ̀fẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí wọ́n ya fótò yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀, èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn ọmọ sábà máa ń kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló da ìwé àtijọ́ kọ, ó lè ka 7 sí 1. Ẹ fi wé àwòrán ojú ewé náà. Bí ẹ bá sì gbé máàpù tó ṣáájú 1976 wá, ọmọ kan á pariwo pé "Àbújá" tó wà níbẹ̀ kò sí níbi tó yẹ. Ẹ má tètè dá a lóhùn. Kí ó fi máàpù òde òní wé e, kó fi ìka tọ́ ọ títí yóò fi bá Suleja níbẹ̀, nítorí Suleja ló ń jẹ́ Àbújá nígbà náà.