Grammar school: ṣé gírámà nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni?

Àbúrò mi kan tó ń gbé Èkó wá kí wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló bá ń yangàn pé grammar school lòun ti jáde, ni ìyá wa bá bú sẹ́rìn-ín, "gbogbo ọdún yẹn, gírámà nìkan ni wọ́n wá ń kọ́ ẹ?" Àwa tá a ṣe kọlẹ́ẹ̀jì àti lìsé níbí, kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣàjèjì sí wa.

Gírámà Látìn ni wọ́n ń wí. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ di àlùfáà tàbí kó wọ yunifásítì, àfi kó gbọ́ Látìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Àmọ́ lójú tèmi orúkọ yẹn fi èyí tó dùn jù pamọ́: ta ló ń sanwó tíṣà?

Ẹ wo ti Manchester. Ní 1515, bíṣọ́ọ̀bù kan, Hugh Oldham, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ káwọn ọmọkùnrin lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe pé ó kàn kówó sílẹ̀ o, ẹ̀rọ ìlọkà tí omi odò Irk ń yí ló fi ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́yìn, èrè tó bá wọlé lórí ẹ ni wọ́n fi ń sanwó tíṣà, àwọn ará ìlú ò sì gbọdọ̀ gbé ọkà wọn lọ síbòmíì (ẹ rò ó wò, kí wọ́n ní ibì kan ṣoṣo ni gbogbo Àjàṣẹ́ á ti máa lọ àgbàdo, ọjà Ouando á gbóná lọ́jọ́ yẹn!). Àwọn Mùsùlùmí inú wa á ti mọ̀ ọ́n, ó jọ wakafu: o ò ní ná ohun tó o fi sílẹ̀, èrè ẹ̀ ni wàá máa ná.

Ti Èkó yàtọ̀ díẹ̀. CMS Grammar School, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Church Missionary Society, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1859, ọmọ 6 péré, nínú ilé kékeré kan ní Broad Street tí wọ́n ń pè ní Cotton House. T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá ibẹ̀, oníṣòwò kan, James Labulo Davies, ló fi £50 sílẹ̀ fún ìwé àtàwọn nǹkan èlò. Oore ńlá ni, àmọ́ wọ́n ná an, ó tán, kò sí ẹ̀rọ ìlọkà kankan lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tó di 1959 wọ́n kó lọ sí Bariga, orúkọ tẹ̀ lé wọn, ilé ò lè tẹ̀ lé wọn.

Lìsé Béhanzin tiwa ńkọ́? Owó ìjọba Faransé ni, Collège Victor Ballot ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn.

Ìyá wa gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó kọjú sí àbúrò mi, "ó dáa, sọ Látìn ọ̀hún fún mi kí n gbọ́." Ó ní wọn ò kọ́ àwọn.